Ta Ni Ó Pa Á? Ọ̀rọ̀ lórí Ìtàn Ìpànìyàn àti Ẹ̀fẹ̀

Bí ìtàn ìpànìyàn bá bọ́ sí ọwọ́ àwa olùkọ́, ìbéèrè kan ni a sábà máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́: ta ni ó pa á, báwo sì ni àṣírí ṣe tú? Ìbéèrè yìí bá ìwé Kọ́lá Akínlàdé mu. Nínú Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976), Akin Olúṣínà ń tọ ipasẹ̀ apànìyàn, òǹkàwé sì ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, yóò dà bí ẹni pé ìwé náà kùnà, nítorí a tètè mọ ọ̀daràn níbẹ̀. Làpàdé ni adùn rẹ̀, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó wá ń ṣe ohun tí àwọn tí ìjọba ń sanwó fún kò rí ṣe. Àwọn ọlọ́pàá ni Òkédìjí ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti sinimá. Ní Ososa, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odògbolú, ni a bí Hubert Ògúndé ní 1916. Ó ṣe tíṣà (ọmọ ẹgbẹ́ wa ni!), ó sì ṣe ọlọ́pàá kí eré tó gbà á. Ó mọ bí a ti ń wádìí ọ̀ràn. Síbẹ̀, nínú Aiyé (1979), kò fi àwọn tí ń pani pamọ́: gbangba ni a ń wo àwọn àjẹ́. Ifá ni Oṣetura, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, gbójú lé, kì í ṣe ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Àwọn kan lè pe èyí ní àìmọ̀ọ́ṣe. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ sinimá ní Odògbolú. Ẹnìkan pa olùdarí wọn. Kàkà kí wọ́n sunkún, ọ̀kan ń du ipò rẹ̀, òmíràn ń béèrè bóyá kámẹ́rà ká a sílẹ̀. Bí ìtàn náà bá parí láìdárúkọ apànìyàn, máàkì mélòó ni a ó fún un? Bí irọ́ tí oníkálukú pa fún ọlọ́pàá bá tú ìwọra rẹ̀ síta, a kò gbọdọ̀ yọ máàkì kankan. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá ti ṣèlérí àṣírí láti ojú ìwé kìn-ín-ní, tí ó sì sá fún un, kí a yọ ọ́.

Ìbéèrè tí a fẹ́ máa rí nínú ìwé ìdánwò ni èyí: ta ni òǹkọ̀wé ń fi ìwádìí yìí ṣe ẹ̀fẹ̀?