Àtíbàbà àti Oòrùn

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá bá ti pé, Nàìjíríà a máa ṣe àjọ̀dún òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1960. Ààrẹ á bá ará ìlú sọ̀rọ̀, ọ́fíìsì á wà ní títì, àwọn ọmọ iléèwé á sì máa yan bí ológun níwájú gómìnà. Èmi kò ní kí a má ṣọdún. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Èmi náà yan rí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Aago méje àárọ̀ la ti dé pápá. Aago mẹ́wàá kọjá dáadáa kí ọkọ̀ àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó dé. Abẹ́ àtíbàbà ni àga tiwọn wà, omi tútù ń bẹ lórí tábìlì. Inú oòrùn ni àwa dúró sí. Ọmọbìnrin tó wà níwájú mi dákú. Wọ́n gbé e kúrò, olùkọ́ wa sì ní kí a sún mọ́ra kí àlàfo má baà hàn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn nìkan ni mo rántí.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ètò yìí nìyẹn. Àwọn tí a torí wọn gba òmìnira ló ń ṣeré. Àwọn tó yẹ kó jíhìn fún wọn ló ń wòran.

Ẹ wo àsíá tí a gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Táíwò Akínkúnmi ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó yà á fún ìdíje. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ó fẹ̀yìn tì. Ó di 2014 kí wọ́n tó fi oyè OFR dá a lọ́lá. Òun náà pẹ́ nínú oòrùn.

Àwọn kan á ní yíyan ń kọ́ ọmọ ní ìgbọ́ràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbọ́ràn nìkan kọ́ ni òmìnira. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí. Kí gómìnà dìde dúró níwájú wọn, kó sọ iye iléèwé tó tún ṣe lọ́dún náà, kí ọmọ tó bá ní ìbéèrè sì na ọwọ́ sókè.