Shaihu Umar: Fíìmù Inú Agolo ní Jos

Àwọn olólùfẹ́ ohun àtijọ́ pọ̀ láàrin àwa olùkọ́. Ẹlòmíràn ń kó kásẹ́ẹ̀tì jọ, kò sì ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ wọn (èmi náà wà níbẹ̀). Ewu ibẹ̀ ni pé agolo lè gba iyì lọ́wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ Shaihu Umar ṣe rí nìyẹn. Adamu Halilu ló darí fíìmù Haúsá yìí ní 1976, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Ó ti di àwátì kí wọ́n tó rí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ nínú ilé àkójọ fíìmù ìjọba ní Jos. Arsenal ní Berlin tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbẹ̀ ní 2018. Láti ìgbà náà, ìtàn bí wọ́n ṣe rí i ló gba ẹnu wa kan ju fíìmù fúnra rẹ̀ lọ.

Fíìmù náà falẹ̀, a kò ní parọ́. Ó lé ní wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ tí wọ́n jí gbé, tó dé Íjíbítì ni, tí ìyá rẹ̀ sì la aṣálẹ̀ kọjá láti wá a. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í yá. Ibi tó kù sí lójú tèmi ni pé òwò ẹrú inú rẹ̀ jọ àdánwò Ọlọ́run ju iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jiyàn lé lórí, kí a tó kó wọn lọ wo agolo.