Iṣẹ́ Ọwọ́ Inú Ihò Etí

Ẹni tó bá ti ná ọjà Kejetia ní Kumasi rí mọ̀ pé ariwo ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Gbohùngbohùn oníwàásù wà níbẹ̀, ti olóògùn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ọkọ̀ trotro ń pe èrò, àwọn aláàárù sì ń ké "agoo" kí ọ̀nà lè là fún ẹrù orí wọn. Láàárín gbogbo rẹ̀, ìyá oníṣòwò kan tí etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́ fẹ́ gbọ́ iye tí oníbàárà rẹ̀ láti Tamale ń dá lé aṣọ lórí fóònù. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ayé òde òní lè gba ohùn fóònù wọ inú etí tààrà, láìjẹ́ pé ohùn náà kọ́kọ́ bá ariwo ọjà pàdé. Bluetooth tó ń gbé ohùn náà ni gbogbo èèyàn ń yìn. Ẹlòmíì lèmi fẹ́ yìn: ẹni tó wọn ihò etí ìyá yẹn, tó dí i bó ṣe yẹ, tó sì mọ ibi tó yẹ kóun fi àyè sílẹ̀ sí.

Ẹ̀yìn etí ni máíkì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà. Ohun tó bá dé ibẹ̀ ló ń gbé wọlé, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ariwo. Ohùn ẹni tó dúró ní mítà kan sí wa máa ń tó nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 60 sí 65. Bó bá sún sẹ́yìn tí àárín wa di mítà méjì, ohùn rẹ̀ á fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ariwo ọjà ò ní í dín kù ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára ní máíkì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó ń wo èyí tí ohùn kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú méjèèjì, ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó ń bọ̀ láti iwájú, tó sì ń tẹ ohun tó wà lẹ́yìn mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ní Kejetia, ariwo wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, ó tún ń ti orí òrùlé padà wá. Ẹni tí inú etí rẹ̀ ti bàjẹ́ kò sì fẹ́ kí nǹkan kàn máa dún kíkan. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ fi púpọ̀ ga ju ariwo lọ, ju bí ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá ṣe fẹ́ ẹ lọ. Fóònù tó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ tààrà lè fún un ní ìyẹn.

Ó lè fún un, bí etí bá dí dáadáa. Rọ́bà rírọ̀ kékeré kan tó nihò lára ló ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá. Rọ́bà náà dára nínú ilé: kì í jẹ́ kí ohùn ara ẹni máa dún gbọ̀ngbọ̀n nínú orí ẹni, afẹ́fẹ́ sì ń wọ inú etí. Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni ariwo ń gbà. Ẹ lè pa máíkì ẹ̀rọ náà pátápátá, oníwàásù ò ní í torí ẹ̀ dákẹ́, nítorí kò gba máíkì wọlé. Ohùn ìsàlẹ̀ tí fóònù gbé wá á tún gba ihò kan náà sá jáde, ohun tó máa ṣẹ́ kù sínú etí á wá jẹ́ ohùn tín-ín-rín tí kò lẹ́gbẹ́ lẹ́yìn. Ìyá á gbé ohùn sókè, á tún gbé e sókè, etí tó ti ń jìyà á sì máa jìyà sí i.

Níbi tí wọ́n ti ń wọn ike àdáni tó máa rọ́pò rọ́bà yẹn fún ihò etí ni mo ti fẹ́ ká fara balẹ̀ wòran. Onímọ̀ ìgbọ́ràn kọ́kọ́ fi iná yẹ etí wò. Ó fa etí sókè, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, torí ihò etí àgbàlagbà kì í gún. Ó ya kọ́nà méjì kó tó dé ìlù etí. Bí ìdọ̀tí bá dí i, tàbí tí etí ń ṣọyún, iṣẹ́ dúró ná, ìtọ́jú ló kàn. Bí ibẹ̀ bá mọ́, ó mú òwú kékeré kan tí wọ́n so okùn mọ́, ó sì fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ń tanná tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà: ìka kékeré ti fara ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, kó lè jẹ́ pé bí orí bá ṣèèṣì mì, ọwọ́ á bá a mì, ọ̀pá ò sì ní í gún ohun tí kò yẹ. Òwú yẹn gbọ́dọ̀ kọjá kọ́nà kejì. Bó bá dúró níta jù, ike á kúrú, á sì máa jò. Bí kò bá sì sí òwú rárá, ohun tí wọ́n fẹ́ rọ sínú etí lè ṣàn dé ìlù etí, ọ̀rọ̀ á sì di ti oníṣẹ́ abẹ.

Ó po oríṣi sílíkọ́ọ̀nù méjì pọ̀ títí àwọ̀ wọn fi di ọ̀kan. Láti ìgbà náà kò sí àyè ìmẹ́lẹ́, ó ti ń le. Ó kó o sínú sírínjì, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ etí, ó ń tì í, kò sì jẹ́ kí ẹnu sírínjì yọ kúrò nínú ohun tó ń tú jáde, torí bó bá yọ, afẹ́fẹ́ á há sí àárín. Ihò etí kún, kòtò ìta náà kún. Ó wá ní, "Màmá, ẹ lanu. Ẹ pa á dé. Ẹ ṣe bí ẹni ń jẹun." Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló múlé ti ihò etí, bí ẹnu bá là, ihò náà ń yí padà. Ike tí wọ́n wọ̀n fún ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lè má jò títí tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọjà. Nígbà náà ni àyè á là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo á wọlé, ẹ̀rọ á sì máa súfèé. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìyá yìí fi ń jẹun á fún un ní nǹkan fi eyín há, kí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ títí sílíkọ́ọ̀nù fi máa gan.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá. Ó fi èékánná tẹ ohun tó wà níta etí. Bí àmì èékánná kò bá dúró mọ́, ó ti gan. Ó tú u kúrò lára etí, ó yí i síwájú, ó fà á jáde, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Kọ́nà méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Kò gbọ́dọ̀ níhò, kò gbọ́dọ̀ ní ibi tó ṣẹ́. Bó bá rí àléébù, á padà sídìí òwú, á tún un ṣe. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí bó bá gbà á bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ní ọjọ́ náà. Etí tó ni ín nìkan ló máa mọ̀, lójú ọjà.

Ike tó bá ti ara ìwọ̀n yìí jáde á bá etí mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò tirẹ̀ mu. Síbẹ̀ wọn kì í dí i pa: wọ́n á lu ihò tín-ín-rín kan sí i, kí etí lè mí. Bí ihò náà ṣe máa tóbi tó, àròjinlẹ̀ ni. Bó bá fẹ̀ jù, a tún padà sí ọ̀rọ̀ rọ́bà. Bó bá há jù, ìyá á ní ohùn òun ń dún nínú orí òun, á sì yọ ọ́ sínú àpò.

Ó kan kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbọ́ràn kárí ayé ló ń lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní NAL-NL2, èyí tí National Acoustic Laboratories ní Australia gbé kalẹ̀, láti mọ bó ṣe yẹ kí ẹ̀rọ gbé ohùn kọ̀ọ̀kan sókè tó. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tó rọrùn láti fò dá: ṣé èdè olóhùn ni ẹni yìí ń sọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìlànà náà á fi díẹ̀ kún agbára ohùn ìsàlẹ̀. Èdè olóhùn ni Twi, bíi Yorùbá. Ohùn nìkan ló ya bàbá sọ́tọ̀ kúrò lára abẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ará Kumasi, bó ṣe ya igba sọ́tọ̀ kúrò lára igbá lẹ́nu tiwa. Ọpọlọ lè fi ohùn òkè ṣírò ohùn ìsàlẹ̀ tó sọnù, àmọ́ ariwo ń da ìṣírò náà rú. Ẹni tó ń dúnàádúrà lórí fóònù kò sì ní àyè ìṣírò. Inú mi dùn sí oníṣẹ́ tó bá dúró níwájú ìbéèrè kékeré yẹn kó tó tẹ bọ́tìnì tó kàn. Lẹ́yìn náà ló ń ki ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín tó ní máíkì nídìí sí ẹ̀gbẹ́ ike náà, kó lè wọn ohun tó ń dé ìtòsí ìlù etí yẹn gan-an, kó má fi ti ohun tí kọ̀ǹpútà méfò ṣe.

Ó wá ku ìdọ́gba tó ṣòro jù: nígbà tí fóònù bá ń sọ̀rọ̀, báwo ni ká ṣe rẹ máíkì sílẹ̀ tó? Ẹni tó jókòó sílé lè pa á pátápátá. Lójú ọ̀nà Kejetia, ìyá tó bá pa á pátá kò ní í gbọ́ "agoo" ẹni tó ru ẹrù bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní í gbọ́ fèrè ọkọ̀. Nítorí náà, máíkì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, kó má sì kú. Yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ kò lè sọ ibi tó yẹ kó dúró fún wa. Oníṣẹ́ tó bá gbọ́n á da ariwo sílẹ̀ láti inú ẹ̀rọ, tàbí kó ní kí ìyá jáde sí etí títì, kóun sì pè é lórí fóònù. Á tún sọ fún un pé kó wé gèlè tó ń wé lọ sọ́jà wá, torí aṣọ tó bo máíkì ń pa ohùn, ó sì ń fa súfèé.

Ọ̀rọ̀ ibi tí fóònù ń gbé náà wà níbẹ̀. Omi inú ara èèyàn ń gba ìgbì Bluetooth mu, nítorí náà fóònù tí wọ́n kì bọ àpò ẹ̀yìn lè mú kí ohùn máa já. Bákan náà ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló bá gbogbo fóònù mu. ReSound LiNX tó jáde ní 2014 bá iPhone ṣe tààrà. Nígbà tó di 2018, Phonak gbé Marvel jáde, èyí tó ń lo Bluetooth tí fóònù olówó pọ́ọ́kú náà ní. Ìyẹn ṣe pàtàkì ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ń fi fóònù bẹ́ẹ̀ gba MoMo, ìyẹn owó orí fóònù.

Kumasi nílò irú ọwọ́ yìí ju bí a ṣe rò lọ. Suame Magazine wà níbẹ̀, níbi tí àwọn mẹkáníìkì, àwọn ajórin àti àwọn tó ń lu páànù ọkọ̀ ti ń dá àrà tí gbogbo Ghana ń jẹ àǹfààní rẹ̀, tí irin sì ń kígbe sétí wọn lójoojúmọ́. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà fún òṣìṣẹ́. Òòlù lórí páànù kọjá ìyẹn fíìfíì. Ní 2004, Boateng àti Amedofu tẹ ìwádìí jáde lórí etí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìlagi, níbi ìlọ̀gbàdo àti nílé ìtẹ̀wé ní Ghana. Ilé ìwòsàn Komfo Anokye ni ọ̀pọ̀ ń gbé etí wọn lọ. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 430 èèyàn tó nílò ìtọ́jú ìgbọ́ràn láyé, àti pé nínú àwọn tí ẹ̀rọ yóò ràn lọ́wọ́, àwọn tó ní in kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Wọ́n lè kó ẹ̀rọ wá nínú páálí. Ọwọ́ tó ń ti òwú kọjá kọ́nà kejì kì í sí nínú páálí, ọdún pípẹ́ la fi ń kọ́ ọ.

Ní 2022, wọ́n kéde Auracast, èyí tí ibùdó kan lè fi máa sọ̀rọ̀ sínú àìmọye ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dé pápá bọ́ọ̀lù Baba Yara ní Kumasi lọ́jọ́ kan, arúgbó olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kotoko lè máa gbọ́ aṣàlàyé bọ́ọ̀lù nínú etí rẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń pariwo. Bí rọ́bà tó nihò ló bá fi sétí, gbogbo pápá ló máa bá aṣàlàyé náà wọlé, yóò sì ní láti lọ jókòó sórí àga onímọ̀ ìgbọ́ràn, kó lanu, kó dúró kí sílíkọ́ọ̀nù gan.