«Àtọwọ́dá» kò tó: lórí orúkọ tí a ń fún iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà

Nígbà tí a bá ń kọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ méjì la sábà máa fi ń pín nǹkan: ohun tí ewéko ṣe jẹ́ àdáyébá, ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe jẹ́ àtọwọ́dá. Ní ti odò àti àga, ìpín yìí dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àtọwọ́dá túmọ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní «synthèse» lédè Faransé, yóò ṣì wá lọ́nà. Ẹni tó ṣe nǹkan ni ó ń sọ. Kò sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, kò sì sọ bí a ṣe ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀wà Kàlàbá. Inú rẹ̀ ni a ti rí physostigmine, oògùn tí àwọn dókítà ti fi tọ́jú àìsàn ojú. Ní 1935, Percy Julian, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, àti Josef Pikl tò ó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí. Ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí ti inú ẹ̀wà: átọ́ọ̀mù kan náà ni, ètò kan náà ni. Bí a bá pe ọ̀kan ní àdáyébá, tí a pe èkejì ní àtọwọ́dá, òǹkàwé yóò rò pé nǹkan méjì ni wọ́n. Létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àtọwọ́dá kò sì jìnnà sí ayédèrú. Nínú ọjà tí oògùn ayédèrú ti ń pa ènìyàn, àṣìgbọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹjọ́ tó ta kókó jù ni ti ègbèsì, Nauclea latifolia, tí a ń se gbòǹgbò rẹ̀ fún ibà àti ìrora. Ní 2013, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan láti Grenoble kéde pé àwọn rí tramadol nínú gbòǹgbò rẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Tramadol yìí, oògùn tí ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ti ń tà láti 1977! Ní 2014, ẹgbẹ́ Michael Spiteller ní Dortmund dáhùn pé àwọn àgbẹ̀ ní àríwá Kamẹrúùnù ń lo oògùn náà, wọ́n sì ń fún màlúù wọn. Inú ìtọ̀ ló gbà wọ ilẹ̀, tí gbòǹgbò fi fà á. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ní 2016, ẹgbẹ́ Dortmund yẹ ọjọ́ orí kábọ́nù inú rẹ̀ wò, ó sì tọ́ka sí ilé iṣẹ́. Ètò átọ́ọ̀mù nìkan kò lè sọ orírun rẹ̀. Kí ni ká wá pe tramadol inú gbòǹgbò: àdáyébá ni, tàbí àtọwọ́dá?

Àwa onímọ̀ èdè ní ohun èlò tó dára ju èyí lọ lọ́wọ́. A ń sọ pé ìhun gbólóhùn. A lè sọ pé ìhun mólékù. «Synthèse totale» á jẹ́ ìhunpọ̀: a kó òwú, a hun odindi aṣọ. «Hémisynthèse» á jẹ́ àhunparí: ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ aṣọ, a bá a parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Sanofi ṣe artemisinin ní 2013: ìwúkàrà tí a yí àbùdá rẹ̀ padà ṣe apá kan, kẹ́míkà parí rẹ̀. Ọ̀nà yìí kò lé ewéko kúrò lọ́jà. Títí di òní pàápàá, ara èèpo igi ni ọ̀pọ̀ kínínì ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Stork ti hun ún pọ̀ ní 2001. Ọjọ́ iwájú iṣẹ́ yìí yóò jẹ́ àdàlù ewéko, ìwúkàrà àti yàrá ìwádìí. Ọ̀rọ̀ méjì kò ní lè gbé e.

Ẹnìkan lè sọ pé àtọwọ́dá ti mọ́ àwọn ènìyàn lára, pàápàá nínú «ọgbọ́n àtọwọ́dá». Òótọ́ ni, kí ó dúró síbẹ̀. Bí orírun bá ṣe pàtàkì, ká sọ ọ́ kedere: «láti ara ewéko», «láti ilé iṣẹ́». Ní agbègbè Tchaourou, aláìsàn kan náà lè ra gbòǹgbò lọ́wọ́ ìyá eléwé, kó sì ra hóró oògùn lọ́jà kan náà. Ohun tó yẹ kí èdè wa jẹ́ kó mọ̀ ni bóyá ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì, kó má baà gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì.