Ìlù Ogun Nínú Eré Ogun

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo eré ogun tí à ń ṣe lóde òní, yálà lórí ìtàgé ilé-ìwé ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, tàbí nínú fíìmù, a ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà ni ìlù ibẹ̀ kì í pa òwe kankan. Bí jagunjagun bá ti yọ, onílù a bẹ̀rẹ̀ sí í lù kíkankíkan, ariwo a sọ, ó parí. Ìlù tí ó sin àwọn ọmọ ìlú lọ sógun náà ni ó sin ọ̀tá wọn wá. Lójú tèmi, àléébù yìí kọjá ti orin. Àléébù ìtàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é. Ní Williamsburg, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ọdún 1958 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ afọnfèrè àti onílù kan sílẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ń ṣe bí ọmọ ogun ayé ìgbà tí Amẹ́ríkà jà fún òmìnira. Láyé ogun yẹn, iṣẹ́ ni fèrè àti ìlù ń ṣe. Ìlù kan wà fún jíjí ní òwúrọ̀, òmíràn fún ìpéjọ, òmíràn fún pípadà sẹ́yìn. Ohùn ọ̀gágun kò lè borí ìbọn, ṣùgbọ́n ohùn fèrè tín-ín-rín a máa là á já. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe eré ogun yẹn ní láti mọ ohun tí ìlù kọ̀ọ̀kan wà fún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àmì lásán ni ìlù tiwọn. Kò lè pe ènìyàn lórúkọ.

Ìlù tiwa ń fọhùn. Ogun tí Èkìtì ń rántí jù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893, ìró ni ó sọ ọ́ lórúkọ: bí ìbọn ti ń dún láàárín òkè ni wọ́n fi pè é ní Kírìjí. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni ó ṣe olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí sì wà lára àwọn akọni ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun náà ti ìlú púpọ̀ wá, ẹ̀ka èdè wọn kò sì dọ́gba. Láàárín irú ariwo bẹ́ẹ̀, oríkì ọ̀gá ẹni tí ìlù bá pè ni ènìyàn yóò fi mọ ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Oríkì a sì máa mú ojo dúró, nítorí baba rẹ̀ ni ìlù ń dárúkọ.

Wale Ogunyemi, ọmọ Ìgbájọ, kọ eré Kiriji, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1976. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ sórí ìtàgé ní ìbéèrè kan láti dáhùn: ìlù wo ni ti Ìbàdàn, ìlù wo sì ni ti Èkìtì? Dùndún fún apá méjèèjì ni ìdáhùn tí ó rọrùn jù, nítorí etí gbogbo èrò ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, tí í ṣe ìbátan Ìbàdàn, ni dùndún ti fìdí múlẹ̀ jù. Bí a bá fi í lé Èkìtì lọ́wọ́ láìwádìí, a wọ̀ wọ́n ní aṣọ ọ̀tá wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé Ìbàdàn ni wọ́n mú Ògèdèǹgbé lọ nígbà tí wọ́n kó o lógun, pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ṣẹ́ ogun, nítorí náà kò burú bí dùndún bá bá a délé. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí eré fi èyí hàn wá. Kí dùndún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gá tí ó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, kí ìlú kọ̀ọ̀kan sì fi ìlù tirẹ̀ dáhùn. Nígbà náà ni èrò ìwòran yóò fi etí gbọ́ ohun tí ó dunni jù nínú ogun yẹn: akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bá ọ̀gá rẹ̀ jà.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ipò tí ó yẹ ìró. Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó fún ààfin Ọgọ̀gà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ère kékeré kan sì wà níwájú tí ó ń fọn fèrè. Èṣù ni àwọn onímọ̀ pè é. Ohun tí ó wú mi lórí ni ibi tí Ọlọ́wẹ̀ fi í sí: ẹsẹ̀ ọba gan-an, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Ìpalára tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Bí ariwo bá tó òṣèré, tí ó tó èrò ìwòran, ọmọ àyàn kò ní rí ìdí tí yóò fi kọ́ oríkì ogun lẹ́nu baba rẹ̀. Kí olùdarí eré tó pe àwọn òṣèré rẹ̀ jọ, kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn àyàn àti ọlọ́dẹ ìlú. Kí ó bi wọ́n pé oríkì ta ni yóò dún, ìlù wo ni yóò sì pè é. Kí ó wá kọ ọ̀rọ̀ ìlù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré. Eré tí a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ tí a kò kọ ọ̀rọ̀ ìlù rẹ̀, ààbọ̀ eré ni.