Àjòjì Lójú: Àyẹ̀wò Àkọsílẹ̀ Clapperton nípa Eré Apidán ní Ọ̀yọ́ Ilé, 1826

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, jókòó wo eré ní Ọ̀yọ́ Ilé, nígbà ayé Aláàfin Májòtú tí ó gbà á lálejò. Ohun tí ó kọ nípa eré náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti di òpó pàtàkì nínú ìmọ̀ tíátà Yorùbá. Nígbà tí Joel Adédèjì ń kọ ìtàn eré alárìnjó, àkọsílẹ̀ yìí wà lára ẹ̀rí tí ó gbára lé. Níwọ̀n bí ẹrù tí òpó náà ń gbé ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ wò dáadáa.

Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ni àkọsílẹ̀ náà. Clapperton kú ní Sókótó ní oṣù Kẹrin ọdún 1827. Richard Lander, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ó kó àwọn ìwé rẹ̀ padà sílé, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní London ní ọdún 1829. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀ láti ṣàtúnṣe. Orúkọ ìlú pàápàá kò jáde bí àwọn onílé ti ń pè é: Katunga, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe Ọ̀yọ́, ni Clapperton ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti fi etí ẹlòmíràn gbọ́ ìlú náà kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Síbẹ̀, ojú rẹ̀ mú. Ó pín eré náà sí mẹ́ta. Nínú èkíní, àwọn òṣèré tí wọ́n wọ àpò bora, tí wọ́n sì so àjákù aṣọ aláràbarà mọ́rí, jó wọ́n sì ta òkìtì. Nínú èkejì, ejò ńlá kan yọrí láti inú àpò, ó ń yí kiri bí òjòlá gan-an. Nínú ẹ̀kẹta, àpò ṣí díẹ̀díẹ̀, ènìyàn funfun kan sì jáde, ó rù hangogo, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́, ó sì ń rìn gẹ̀lẹ̀gẹ̀lẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Láàárín eré kan sí èkejì, àwọn obìnrin Aláàfin ń kọrin, àwọn èrò sì ń gbè é.

Ẹni tí ó bá mọ eré apidán yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé agọ̀ ni ohun tí Clapperton pè ní àpò, àti pé idán ni ó ń wò láìmọ orúkọ rẹ̀. Àlàfo tí ó ju èyí lọ wà nínú ìwé náà. Níbòmíràn nínú rẹ̀, Clapperton yin àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀yọ́. Ó ní wọ́n gbẹ́ òjòlá tí ó ń pa ẹran, àti ajagun orí ẹṣin pẹ̀lú àwọn onílù, sára ilẹ̀kùn àti òpó ilé. Ejò tí ó wà lára òpó ni ó tún yọ jáde ní ojú agbo. Ó rí méjèèjì, ó kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò so wọ́n pọ̀. Bí ẹni tí ń ka ẹrù ní bèbè òkun ni ó ṣe ka àwọn ohun tí ó rí. Iṣẹ́ òǹkàwé ni láti dá ìbátan tí ó já padà.

Eré kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Clapperton fi ìrìn òṣèré náà wé ti ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tí òtútù ti sọ di yìnyín. Àfiwé náà dára, ṣùgbọ́n Scotland ni ó ti wá. Kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́, òṣèré náà kò sì tẹ ọ̀kan rí. Kí wá ni ó ń sín jẹ? Ó yẹ kí wọ́n rántí irú ipò tí àwọn òyìnbó náà wà nígbà tí wọ́n wọ ìlú. Àìsàn ti pa Captain Pearce àti Dókítà Morrison lójú ọ̀nà láti Àgbádárìgì. Ibà ń mú Clapperton fúnra rẹ̀ léraléra. Ó ṣeé ṣe kí gbígbọ̀n tí Clapperton rò pé ti òtútù ni jẹ́ gbígbọ̀n ibà lójú àwọn ará Ọ̀yọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn onílé rí lára àlejò wọn ni òṣèré náà fi hàn, kì í ṣe àlá lásán.

Orúkọ tí Clapperton fún eré yìí tún jẹ́ ìṣòro. Ó fi orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run nínú ẹ̀sìn Kristẹni pe ènìyàn funfun náà. Bí olùtumọ̀ òde òní bá sọ ọ́ di Èṣù, àṣìṣe ti di méjì, nítorí Èṣù tí Ọ̀yọ́ mọ̀ kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Bákan náà, kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú orin àwọn obìnrin. Orin sì ni ó máa ń sọ ẹni tí idán ń bá wí. Ara eré ni ó wà lọ́wọ́ òǹkàwé. Ohùn rẹ̀ ti lọ.

Àwọn àgbà ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní ti Clapperton, òwe náà kò ṣẹ tán. Ó rí i pé àwọn èrò yíjú sí òun àti Lander láti mọ bí wọn yóò ti gbà á. Ó jẹ́wọ́ pé òun ṣe bí ẹni pé inú òun dùn tó tiwọn, ó sì gbà pé òṣèré náà mọṣẹ́. Níbẹ̀, fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí ó wá yàwòrán ìlú di ẹni tí ìlú ń yàwòrán rẹ̀.

Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi tú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ náà dànù nítorí àbùkù rẹ̀. Ẹ̀dà tí Bruce Lockhart àti Lovejoy gbé jáde ní ọdún 2005 ti mú kí ó rọrùn láti padà sí ohun tí Clapperton kọ. Iṣẹ́ tí ó kù ni láti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìjúbà, oríkì àti idán àwọn ìdílé eléégún alárè, kí àwọn ìdílé náà lè jẹ́rìí sí ohun tí àlejò rí, kí wọ́n sì tún ohun tí ó ṣì gbọ́ ṣe.