Ìtò Ètò Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Ọnà: Àyẹ̀wò Ìkànnì KBS World

Bí àwọn lámèyítọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí eré Kòríà ṣe tàn kárí ayé, Squid Game tí Netflix gbé jáde lọ́dún 2021 ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Eré náà yẹ lóhun tí à ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ti là ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2003 ni KBS, iléeṣẹ́ móhùnmáwòrán gbogbo ìlú ní Gúúsù Kòríà, dá ìkànnì KBS World sílẹ̀ fún àwọn òǹwòran òkè òkun. Èrò mi ni pé iṣẹ́ ọnà tó ṣe pàtàkì jù lórí ìkànnì yìí kì í ṣe eré kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe to eré mọ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni, àti ojú tí ìtò náà fi ń wo ìdílé.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan tí ìkànnì náà ń fi hàn ti ń wá. Láti ọdún 1981 ni ilé kọ̀ọ̀kan tó ní tẹlifíṣọ̀n ní Gúúsù Kòríà ti ń san won 2,500 lóṣù fún KBS. Owó ìpolówó ọjà sì ń wọlé láti ìkànnì rẹ̀ kejì, KBS2. Nítorí náà, àwọn ará Gúúsù Kòríà fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ̀pọ̀ eré náà fún. Lókè òkun, àwọn iléeṣẹ́ tí à ń sanwó fún lóṣooṣù ló ń gbé ìkànnì náà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran, bí Astro ṣe ń ṣe ní Malaysia, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán.

Ẹ wo bí ọ̀sẹ̀ ṣe máa ń parí. Ọjọ́ Ẹtì ni ti Music Bank, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ olórin ti ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí àwọn tó wà lókè òkun sì ń rí wọn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú ni ti eré ìdílé lálẹ́. Àwọn ètò ìdánilárayá náà wà níbẹ̀: 2 Days & 1 Night, láti ọdún 2007, ń kó àwọn gbajúmọ̀ lọ sí abúlé àti erékùṣù kí wọ́n lọ díje nítorí oúnjẹ àti ibi tí wọn yóò sùn; The Return of Superman, tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dún 2013, ń fi àwọn bàbá tó dá tọ́jú ọmọ fún wákàtí 48 hàn. Ọ̀dọ́ ní ààyè, àgbà ní ààyè, ọmọdé náà ní. Ọmọ tó wá wo olórin lọ́jọ́ Ẹtì yóò bá ìyá àgbà pàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wá a wá. Íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wá ohun tí a ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ fún wa. Ìkànnì yìí ń fi ohun tí a kò béèrè hàn wá.

Eré ìdílé ni mo fẹ́ dúró lé. Èyí tó tayọ lójú mi ni What Happens to My Family?, tí Kang Eun-kyung kọ, tí Jeon Chang-geun darí. Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀. Apá 53 ló ní kó tó parí ní oṣù kejì ọdún 2015. Olú ẹ̀dá ìtàn ni Cha Soon-bong, tí Yoo Dong-geun ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ló ń ta tófù tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà. Àkọ́bí obìnrin di akọ̀wé ọ̀gá iléeṣẹ́ ńlá, èkejì di dókítà, àbíkẹ́yìn kò tíì ríṣẹ́ gidi. Nígbà tí àwọn ọmọ fọwọ́ rọ́ bàbá sẹ́yìn, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọn kò ṣe ojúṣe ọmọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé àrùn jẹjẹrẹ ikùn ti mú un, ọjọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́.

Ẹjọ́ yìí ni òpó tó gbé àhunpọ̀ ìtàn náà ró. Bàbá kò fi í gbẹ̀san. Ó fi í kó àwọn ọmọ jọ ni. Kí ó tó lè fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe, ọ̀kan lára rẹ̀ sì ni pé kí gbogbo wọn máa jẹun àárọ̀ pọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn àgbà wa ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Soon-bong kò fẹ́ dúró de ìsìnkú. Ó fẹ́ kí ọmọ ṣe ọmọ lójú òun, nígbà tí òun ṣì lè jókòó tì wọ́n. Ibí yìí ni eré náà ti ju ìtàn ẹkún lásán lọ.

Gígùn eré náà ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Descendants of the Sun, tí KBS2 fi hàn lọ́dún 2016, kò ju apá 16 lọ; ìfẹ́ àti ewu ló ń sáré gbé e lọ. Eré ìdílé ń lo àwítúnwí bí akéwì ṣe ń lò ó. Tábìlì oúnjẹ kan náà ń padà wá, ẹni tó jókòó níbẹ̀ kò sì rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì: ẹni tí kò gbójú sókè lánàá ń bu ọbẹ̀ fún bàbá lónìí. Ìyípadà ìwà tí a fi oṣù mẹ́fà wò kò ní jọ ti èyí tí a wò tán lóru ọjọ́ kan.

Àléébù wà. Irú eré yìí máa ń fi ìgbéyàwó yanjú gbogbo ìṣòro obìnrin, ó sì fẹ́ràn àṣírí ìbí àti ìdílé olówó jù. Àléébù ti ìkànnì fúnra rẹ̀ wúwo jùyẹn lọ: níbi tó bá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìtumọ̀ wà, àwọn òbí àgbà tí eré náà ń sọ ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni kò ní lè kà á.

Síbẹ̀, ìdájọ́ mi ni pé ìtò ètò KBS World jẹ́ iṣẹ́ ọnà tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo rọ ẹ̀yin lámèyítọ́ wa kí ẹ má ṣe máa wo eré kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nìkan. Ẹ yẹ bí àwọn ìkànnì wa náà, títí kan Africa Magic Yorùbá tí à ń sanwó wò, ṣe ń to ọ̀sẹ̀ wọn wò, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún.